Abèèrè Kì í Ṣìnà: Ọ̀rọ̀ lórí Yíyan Ilé-Ìwé tí Olùkọ́ Yóò ti Kọ́ni ní Ẹ̀yìn Odi

Ọ̀rọ̀ tí àwa olùkọ́ ọmọ ìlú wa tí ń gbé Festac àti Àmùwò-Ọ̀dọ̀fin sọ ní ìpàdé ọdọọdún Ẹ̀ka Mile 2

 

Ẹgbẹ́ ní kí àwa olùkọ́ tí ń bẹ nínú ẹ̀ka yìí sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀kọ́. Bí ó bá jẹ́ ti àtẹ̀yìnwá ni, ọ̀rọ̀ òrùlé ilé-ìwé wa ní ilé tàbí ti owó ìrànlọ́wọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni à bá sọ. Ṣùgbọ́n ohun kan ń ṣẹlẹ̀ lójú gbogbo wa tí a kò tíì jókòó sọ ní gbangba: àwọn olùkọ́ wa ń lọ. Wọ́n ń lọ sí Kùtọnu, Lomé àti Accra. Wọ́n ń lọ sí Ìlú Ọba, sí Dubai àti Qatar, àní títí dé ilẹ̀ Ṣáínà. Àwa tí ń gbé Mile 2 kò sì lè sọ pé a kò rí i, nítorí pé ẹnu ọ̀nà Badagry gan-an ni a wà. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ni ọkọ̀ ojú irin ti ń kó èrò láti Mile 2 lọ sí Marina. Ṣùgbọ́n kí ọkọ̀ ojú irin tó dé ni ọkọ̀ Sẹ̀mẹ̀ ti ń kó tirẹ̀ lọ sí ẹ̀yìn ibodè, àwọn olùkọ́ sì ń bẹ nínú àwọn tí ó ń kó.

A kò wá síhìn-ín láti bú ẹni tí ó lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kò ju nǹkan bí ₦470 lọ ní ọjà ìjọba. Kí oṣù kejì ọdún 2024 tó parí, ó ti lé ní ₦1,500. Olùkọ́ tí owó oṣù rẹ̀ kò yí padà mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí nígbà tí ó bá dé ọjà. Ẹni tí ó ní ọmọ ní ilé-ìwé, tí ó sì ní òbí tí ń wo ọwọ́ rẹ̀, kò jẹ̀bi bí ó bá wo ibòmíràn.

Ohun tí a wá sọ kò ju ẹyọ kan lọ. Bí ilé-ìwé ti ń yẹ olùkọ́ wò kí ó tó gbà á síṣẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ni ó yẹ kí olùkọ́ yẹ ilé-ìwé wò kí ó tó gbà láti lọ. Ẹni tí ó sì yẹ kí ó bi ni ẹni tí ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lọ́wọ́ àti ẹni tí ó ti kúrò níbẹ̀. Kì í ṣe ẹni tí yóò jèrè lórí ìrìn àjò rẹ̀.

Orúkọ Ilé-Ìwé

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ ilé-ìwé, àwọn mìíràn a máa sọ ọmọ lórúkọ kí wọ́n tó kọ́ ilé rárá. Ẹ rìn láti ibùdókọ̀ Mile 2 wọ inú Festac, kí ẹ sì máa ka pátákó ilé-ìwé tí ẹ bá rí. Ẹ ó rí ọ̀rọ̀ náà, 'International', lára ilé-ìwé tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ àti gbogbo olùkọ́ rẹ̀ ń gbé ní àdúgbò kan náà. A kò sọ pé irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ kò dára, nítorí pé àwọn kan nínú wa ń kọ́ni níbẹ̀. Ohun tí a ń fẹ́ kí ó yé yín ni pé kò sí òfin àgbáyé kan tí ó dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti kọ ọ̀rọ̀ náà sára pátákó. Bí ó ti rí ní Festac ni ó rí ní Accra àti ní Dubai.

Ìlú Festac tí a ń gbé yìí pàápàá mọ ohun tí àpéjọ orílẹ̀-èdè jẹ́, nítorí pé àwọn àlejò àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àti àṣà àwọn ènìyàn dúdú, tí a ṣe láti ọjọ́ 15 oṣù kìíní sí ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1977, ni ìjọba kọ́ ọ fún. Àwọn ilé-ìwé tí ó kọ́kọ́ jẹ́ orúkọ náà ní ìdí tí wọ́n fi ń jẹ́ ẹ. Ní ọdún 1924 ni wọ́n dá ti Geneva sílẹ̀ fún ọmọ àwọn òṣìṣẹ́ Ìmùlẹ̀ Àwọn Orílẹ̀-Èdè àti ti Àjọ Àgbáyé fún Ọ̀rọ̀ Iṣẹ́, àwọn tí ó ti inú oríṣiríṣi ilẹ̀ wá. Ní ọdún 1955 ni Ghana International School bẹ̀rẹ̀ ní Accra. Ní ọdún 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn dá tirẹ̀ sílẹ̀.

Báwo wá ni a ó ṣe mọ èyí tí ó jẹ́ òtítọ́? Àjọ International Baccalaureate, tí a dá sílẹ̀ ní Geneva ní ọdún 1968, a máa tẹ orúkọ gbogbo ilé-ìwé tí ó fún ní àṣẹ jáde. Àjọ Council of International Schools náà a máa tẹ orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní ètò kan tí àwọn alábẹ̀wò fi ń yẹ àwọn ilé-ìwé Gẹ̀ẹ́sì tí ó wà ní ilẹ̀ òkèèrè wò, wọn a sì tẹ ohun tí wọ́n rí jáde fún gbogbo ayé láti kà. Ẹni tí ó ní fóònù lọ́wọ́ lè wo gbogbo èyí lọ́fẹ̀ẹ́ láti orí ibùsùn rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ilé-ìwé rere ni ó wà nínú àwọn ìwé wọ̀nyí, pàápàá jùlọ àwọn kéékèèké tí ó wà nítòsí wa. Ṣùgbọ́n ilé-ìwé tí ó bá sọ pé orúkọ òun wà níbẹ̀, tí a kò sì rí i níbẹ̀, ti purọ́ fún olùkọ́ kí ó tó gbà á síṣẹ́. Kí ni yóò sọ fún un nígbà tí ó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tán?

Ẹni tí ó Yẹ kí a Bi

Lẹ́yìn ìwé, ènìyàn ni ó kù. Àpẹẹrẹ méjì ni a ó fi sọ èyí, láì dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú àwọn tiwa lọ kọ́ni ní ìlú kan ní ìwọ̀-oòrùn wa. Éjẹ́ńtì ni ó bá a wá iṣẹ́ náà. Éjẹ́ńtì ni ó sì dáhùn gbogbo ohun tí ó béèrè. Ó ní ilé ń bẹ, owó oṣù sì dára. Nígbà tí ọmọ wa dé ibẹ̀, yàrá kan ṣoṣo ni àwọn olùkọ́ mẹ́ta ń sùn sí. Oṣù mẹ́wàá ni ilé-ìwé ń san owó fún nínú oṣù méjìlá. Ìwé ìrìnnà rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ilé-ìwé. Owó tí éjẹ́ńtì gbà, owó ilẹ̀ kan tí ìdílé rẹ̀ tà ni. Ọmọ náà ti padà wálé; ilẹ̀ náà kò padà.

Arábìnrin wa kan ṣe tirẹ̀ lọ́nà mìíràn. Nígbà tí ilé-ìwé kan fi iṣẹ́ lọ̀ ọ́, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun bá olùkọ́ méjì tí ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ sọ̀rọ̀. Ilé-ìwé náà kọ̀, òun náà sì kọ̀ wọ́n. Ilé-ìwé kejì gbà fún un. Àwọn tí ó bá sọ̀rọ̀ kò pọ́n ibẹ̀ lé ju bí ó ti yẹ lọ: wọ́n ní iṣẹ́ ibẹ̀ wúwo, wọ́n ní oòrùn ibẹ̀ le, ṣùgbọ́n wọ́n ní owó kì í pẹ́, àti pé olùkọ́ tí ó bá ṣàìsàn a máa rí ìwòsàn. Ó lọ pẹ̀lú ojú tí ó là. Ọdún kẹrin rẹ̀ nìyí níbẹ̀, owó ilé-ìwé ọmọ méjì ní ìlú wa sì ń ti ọwọ́ rẹ̀ wá.

Nítorí náà, àwọn ìbéèrè tí a fẹ́ kí olùkọ́ bi ẹni tí ó wà níbẹ̀ nìwọ̀nyí. Olùkọ́ mélòó ni ó fi ilé-ìwé náà sílẹ̀ ní ọdún tí ó kọjá? Ọjọ́ wo ni owó oṣù ń wọlé, ṣé ó sì ń wọlé ní àkókò ìsinmi? Akẹ́kọ̀ọ́ mélòó ni ó wà nínú kíláàsì kan? Bí òbí olówó bá bínú sí olùkọ́, ta ni ọ̀gá ilé-ìwé ń gbè lẹ́yìn? Ìbéèrè kan ń bẹ tí ojú máa ń ti ènìyàn láti béèrè, ṣùgbọ́n tí a kò gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀: ṣé iye kan náà ni a ń san fún ọmọ Áfíríkà àti fún òyìnbó tí ń ṣe iṣẹ́ kan náà? Ní àwọn ilé-ìwé kan, ìwé ìrìnnà ni wọ́n fi ń díwọ̀n owó oṣù, kì í ṣe ìwé ẹ̀rí. Ẹni tí ó bá mọ èyí tẹ́lẹ̀ lè gbà tàbí kí ó kọ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ni yóò máa fi ìbànújẹ́ jí lójoojúmọ́.

Ìwé Àdéhùn

Ọ̀rọ̀ ẹnu kò tó. Ìwé àdéhùn gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ olùkọ́ kí ó tó fi iṣẹ́ tí ó ní lọ́wọ́ sílẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ sọ iye owó oṣù àti iye oṣù tí a ó fi san án. Ẹni tí yóò san owó ilé, owó ọkọ̀ òfuurufú àlọ àti àbọ̀, àti owó ìwòsàn. Bí ọmọ olùkọ́ yóò bá kàwé níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Àti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ẹnì kan nínú àwọn méjèèjì bá fẹ́ fòpin sí àdéhùn náà.

Irú owó tí a ó fi san án ṣe pàtàkì pẹ̀lú. Séfà tí wọ́n ń ná ní Benin àti Togo ni a so mọ́ yúrò, 655.957 séfà sí yúrò kan, nítorí náà kì í ṣàdédé jábọ́. Ti Gáńà kò rí bẹ́ẹ̀: ní oṣù kejìlá ọdún 2022, iye tí ọjà fi wọ́n sí i níbẹ̀ láàárín ọdún kan jẹ́ 54.1 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tí ó bá fẹ́ máa fi owó ránṣẹ́ sílé gbọ́dọ̀ ro èyí dáadáa.

Ní ti owó éjẹ́ńtì, àdéhùn tí Àjọ Àgbáyé fún Ọ̀rọ̀ Iṣẹ́ ṣe ní ọdún 1997 sọ ọ́ ní kedere pé àwọn tí ń bá ni wá iṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ gba owó lọ́wọ́ òṣìṣẹ́. Agbanisíṣẹ́ ni ó yẹ kí ó san án. Ní orílẹ̀-èdè wa, òfin iṣẹ́ béèrè pé kí ẹni tí ń kó ènìyàn lọ síbi iṣẹ́ gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ ìjọba. Bí éjẹ́ńtì bá wá, ẹ ní kí ó fi ìwé àṣẹ rẹ̀ hàn yín. Bí ó bá bínú, ẹ ti mọ irú ẹni tí ó jẹ́.

Ìwé Ìjọba

Àwọn àgbà wa tí ó ti gbé Gáńà rí kò nílò kí a sọ ìtàn yìí fún wọn, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ nílò rẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní Gáńà pàṣẹ pé àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú gbọ́dọ̀ gba ọ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí ó jáde. Àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Ẹjìgbò, Ìnísà, Ọ̀fà àti ìlú mìíràn tí ó ti kọ́lé tí ó sì ti bímọ síbẹ̀ di ẹrù wọn. Ní oṣù kìíní ọdún 1983, ó kan ìjọba tiwa: ìjọba Shagari fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì kan náà. Àwọn olùkọ́ ọmọ Gáńà tí ó ti kọ́ àwọn kan nínú wa wà lára àwọn tí ó lọ. Ọ̀nà Badagry yìí kan náà ni ọkọ̀ wọn gbà kọjá. Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú ìtàn méjèèjì ni pé àjèjì tí kò ní ìwé lè jẹ́ ẹni ọ̀wọ́n ní àárọ̀, kí ó sì di ẹni tí à ń lé ní alẹ́.

Ẹ̀yin tí ń gba Sẹ̀mẹ̀ lọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn. Àdéhùn ECOWAS ti ọdún 1979 fún wa ní àyè láti wọ orílẹ̀-èdè ara wa láì gba físà fún 90 ọjọ́. Àyè àbẹ̀wò ni, kì í ṣe àṣẹ iṣẹ́. Ilé-ìwé tí ó bá sọ pé kí olùkọ́ máa jáde ní ibodè kí ó sì tún wọlé ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta kò fẹ́ kí olùkọ́ náà fìdí múlẹ̀.

Ní Qatar, òfin ọdún 2020 fàyè gba òṣìṣẹ́ láti pààrọ̀ iṣẹ́ láì gba ìwé ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀. Kò sì sí ọ̀gá tí ó ní ẹ̀tọ́ níbẹ̀ láti gba ìwé ìrìnnà òṣìṣẹ́ pamọ́. Ní Ṣáínà, ẹni tí yóò kọ́ni ní èdè Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ wá láti ilẹ̀ tí wọ́n kà sí ti àwọn tí ó ni èdè náà, wọn kì í sì í ka ilẹ̀ wa mọ́ wọn. Nítorí náà, ẹni tí wọ́n bá ní kí ó fi físà àbẹ̀wò lọ kọ́ Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀, ọ̀nà ẹ̀wọ̀n ni wọ́n ń fi hàn án.

Ní ti Ìlú Ọba, láti oṣù kejì ọdún 2023 ni ìjọba wọn ti gbà kí olùkọ́ láti Nàìjíríà, Gáńà àti orílẹ̀-èdè méje mìíràn béèrè fún ipò olùkọ́ tí a fọwọ́ sí, èyí tí wọ́n ń pè ní QTS. Nígbà tí ètò náà bẹ̀rẹ̀, olùkọ́ ìṣirò, sáyẹ́ńsì àti èdè òkèèrè ni ó wà fún láàárín àwa ọmọ Nàìjíríà. Ọ̀fẹ́ ni ìbéèrè náà. Ẹni tí ó bá gba owó fún un ń ta omi odò. Ṣùgbọ́n QTS kì í ṣe iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe físà. Ilé-ìwé gbọ́dọ̀ ní àṣẹ láti gba àjèjì síṣẹ́, orúkọ gbogbo àwọn tí ó ní àṣẹ náà sì wà nínú ìwé tí ìjọba wọn ń tẹ̀ jáde. Ẹ béèrè pẹ̀lú ẹni tí yóò san owó ìwòsàn tí ìjọba ń gbà pẹ̀lú físà. Láti oṣù kejì ọdún 2024, ó di £1,035 lọ́dún fún àgbàlagbà kan, ẹ̀ẹ̀kan náà ni a sì ń san ti gbogbo ọdún físà. Fún ọkọ àti ìyàwó ní ọdún mẹ́ta, ó di £6,210 kí wọ́n tó kúrò nílé. Kí ẹnikẹ́ni tó ro ìyẹn, kí ó kọ́kọ́ rí i pé orúkọ òun wà lọ́dọ̀ TRCN, àjọ tí òfin ọdún 1993 dá sílẹ̀ láti máa forúkọ olùkọ́ sílẹ̀ ní ilẹ̀ wa.

Ilé-Ìwé Tiwa Ńkọ́?

A mọ ohun tí àwọn àgbà kan ń rò bí a ti ń sọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ń rò pé: bí ẹ bá ti kọ́ gbogbo olùkọ́ bí wọn yóò ti lọ, ta ni yóò kọ́ àwọn ọmọ wa? Ìbéèrè òdodo ni. Nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955, olùkọ́ ni ó mú un ṣeé ṣe, kì í ṣe ilé alámọ̀ àti páànù nìkan. Olùkọ́ ìṣirò kan tí ó bá kúrò ní ilé-ìwé wa ní ilé, àdánù gidi ni, owó tí ó bá fi ránṣẹ́ kò sì lè dúró níwájú pátákó dúdú kọ́ ọmọ.

A kò ní tan yín jẹ pé a ní oògùn rẹ̀. Ohun tí a mọ̀ ni pé ẹ̀bẹ̀ kò lè dá olùkọ́ tí ebi ń pa dúró, àti pé ẹni tí ó lọ pẹ̀lú ìwé pípé ni ó lè padà wá pẹ̀lú iyì. Láti ọdún 1987 ni ìjọba àpapọ̀ pàápàá ti ń rán àwọn ọ̀mọ̀wé wa, olùkọ́ pẹ̀lú wọn, sí ilẹ̀ Áfíríkà mìíràn, Caribbean àti Pacific fún ọdún méjì méjì lábẹ́ ètò Technical Aid Corps. Ètò náà fi hàn pé lílọ lè ní ọjọ́ ìpadàbọ̀. Ẹni tí a tàn lọ, tí gbèsè wà lọ́rùn rẹ̀, ojú a máa tì í láti padà. Òun ni a ń pàdánù pátápátá.

Ohun tí Ẹgbẹ́ Lè Ṣe

Àìrìn pọ̀ ni ejò fi ń jẹ ìyà. Ohun mẹ́rin ni a fi síwájú Ẹgbẹ́. Èkíní, kí Akọ̀wé ní ìwé kan lọ́wọ́ tí orúkọ àwọn ọmọ ìlú wa tí ń kọ́ni ní ẹ̀yìn odi yóò wà nínú rẹ̀, àwọn tí ó bá gbà pé àwọn yóò máa dáhùn ìbéèrè. Èkejì, kí a yan olùkọ́ mẹ́ta àti agbẹjọ́rò kan tí yóò máa ka ìwé àdéhùn fún ẹnikẹ́ni tí ó bá mú un wá, láàárín ọ̀sẹ̀ kan, láì gba kọ́bọ̀. Àwa olùkọ́ ẹ̀ka yìí ti ṣe tán láti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa máa yá ẹni tí ó bá ti rí ìwé àdéhùn tí ó dúró gbà ní owó físà àti owó ọkọ̀, kí ìdílé má baà ta ilẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹyọ owó kan má ṣe gba ọwọ́ wa dé ọ̀dọ̀ éjẹ́ńtì. Ẹ̀kẹrin, ẹ̀yin ọmọ ìlú wa tí ó wà ní òkèèrè, ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa sọ òtítọ́ fún wa. Àwòrán tí ẹ ń fi ránṣẹ́ dára. Ṣùgbọ́n bí ibẹ̀ bá le, ẹ sọ pé ó le. Àbúrò yín tí ń wo àwòrán náà ní Festac níhìn-ín lè ti máa wá ẹni tí yóò ra ilẹ̀ baba rẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, a kì í tọrọ jẹ. Ìmọ̀ ni à ń tà, ẹni tí ó sì ní ọjà rere lọ́wọ́ ní ẹ̀tọ́ láti bi oníbàárà rẹ̀ ní ìbéèrè. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí àlọ àti àbọ̀ àwọn ọmọ wa jẹ́ ti ayọ̀. Kí Ẹgbẹ́ wa máa tẹ̀síwájú.